Bọ̀gìnnì Tó Gbé Òkú Télọ̀

Ní Ọjà'ba, ìdí ọkọ̀ la fi ń mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Mápó, àwa tá à ń ta iyọ̀ á na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ga fíofío bíi ti ewúrẹ́ tó fẹ́ sá, òfìfo ni, tàbí kó jẹ́ igbá àti akèrègbè ló kó. Bí ìdí rẹ̀ bá jókòó, tí táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha pákó, iyọ̀ dé nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dìde. Dírẹ́bà lè purọ́, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lè fi Kùránì búra, ìdí ọkọ̀ kì í purọ́. Bí a ṣe gbà á nìyẹn, a sì gbà á títí ó fi ba ayé obìnrin kan jẹ́.

Àrẹ̀mọ ni mo ń gbé nígbà náà, ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n fún wa lómìnira. Yàrá ni mo yá. Àwọn tí yàrá wọn kan tèmi ni télọ̀ kan tó ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, ìyàwó rẹ̀ kékeré, àti ọmọbìnrin wọn kan tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni télọ̀ yìí, ọmọ agbo ilé ńlá, ibẹ̀ sì ni ìyàwó rẹ̀ àgbà wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí fún un. Nígbà tó fẹ́ èkejì, kò mú un wọlé. Yàrá ló yá fún un, nígbà tó sì yá, òun náà gbé máṣíìnì rẹ̀ dé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní obìnrin náà ló dì í mọ́ etí ìró. Èmi tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ibi tí ariwo ò sí. Agbo ilé wọn, bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé ọjà ló ń tú.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ wú, ojú wú, ikùn wú, ó wá di ẹni tí wọ́n ń fi ìrọ̀rí tì lẹ́yìn kó tó lè mí. Omi ló kún ara rẹ̀. Ọkùnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ, ó wúwo débi pé èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń yí i padà lórí ẹní. Ìyàwó náà ta yẹtí, ó ta ìró, ó ta àwo tánganran tí ìyá rẹ̀ fún un, ó ń fi ra oògùn. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Òsì náà ń wá kí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á mu omi rẹ̀, wọ́n á lọ.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan ló dákẹ́. Oòrùn ò tíì mú tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti kún ojúde wa. Ọmọ Ìbàdàn lè sun ilé àyágbé títí, bó bá kú, ilé baba rẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tí àwọn ààfáà ń wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá, ìyàwó kékeré fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sunkún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

Mo ní, "Ilé wo?"

"Ilé wọn. Kí n ṣe opó mi níbẹ̀."

Ó yé mi. Obìnrin tó bá ṣe opó nínú agbo ilé, ìyàwó ilé ni, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e. Èyí tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́, àlejò ni. Ọmọ ni wọ́n á gbà wọlé, torí ti baba lọmọ, ìyá á sì máa lọ sí ibi tó ti wá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ rí sọ tí wọn ò fi ní jẹ́ kó o wọlé?" Ẹnu mi ló sọ ọ́, inú mi ò sí níbẹ̀.

Láti Àrẹ̀mọ dé Ìsàlẹ̀ Òsì kò jìnnà, ẹ̀pà ọwọ́ ẹni ò ní tíì tán tí a ó fi dé. Ejìká ni wọ́n máa ń fi gbé òkú lọ, àwọn ọkùnrin á máa gbà á fún ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní olówó kan nínú ẹbí, ẹni tó ń ra kòkó, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan láti òkè òkun: dúdú, ó gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ lọ bíi pèpéle, gíláàsì yí i ká. Ó ní wọn ò ní gbé arákùnrin òun léjìká bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà tí òun ní ọkọ̀. Nígbà tí télọ̀ wà láyé, tó ń fẹsẹ̀ lọ Bẹẹrẹ lójoojúmọ́ nínú òjò àti oòrùn, ọkọ̀ yẹn ò rí i gbé o. Àfi ìgbà tí kò lè wo ìta láti inú gíláàsì mọ́.

Dírẹ́bà gbé e dúró níwájú ilé, ó pa ẹ́ńjìnnì nítorí àdúrà. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n ti pákó tí òkú wà lórí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkùnrin mẹ́rin sì há ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ jókòó, ó jókòó dáadáa. Gbogbo wa là ń wò ó, àṣà ọjà ni. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi orí, ó ní, "Ó wúwo o."

Dírẹ́bà ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì náà kì í pariwo, bí ẹni tó ń fi imú mí lójú oorun ló rí. Ìgbà náà ni ìyàwó kékeré já gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó ní, "Ẹ dúró dè mí."

Ọkọ̀ náà ní, "Fììì." Ìdí rẹ̀ gbéra.

Òkú wà nínú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tì í, ẹnikẹ́ni ò fà á. Ìdí ọkọ̀ rọra ń gòkè lábẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Àbúrò baba òkú wà lára àwọn mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀. Bó ti rí i pé ilẹ̀ ń jìnnà sí òun, ó pariwo "Láà ìláà!", ó bẹ́ jáde, fìlà rẹ̀ kù sínú ọkọ̀ lọ́dọ̀ òkú. Bí òun náà sì ti bọ́ sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ tún ta sókè díẹ̀ sí i. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo wa tó ń fà sẹ́yìn kó sínú kànga ojúde.

Ohùn kan wá jáde láàárín èrò, mi ò mọ ti ta ni títí dòní: "Òkú kọ ọwọ́ rẹ̀! Ó ní kó má fọwọ́ kan òun!"

Ó tán. Gbogbo ẹnu gbà á: òkú kì í kọ ọwọ́ ẹni tí kò pa á. Obìnrin náà ṣì na ọwọ́ méjèèjì síta, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Dírẹ́bà yọ orí, ó ń pariwo, "Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!" Ọ̀gá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn: "Ṣé wàá wa ọkọ̀ ni, àbí wàá máa wàásù?" Ó wa ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé Ìsàlẹ̀ Òsì kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Nígbà tí a ó fi dé, àwọn obìnrin ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan fa ọmọ náà lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ padà síbi tó ti pa ọkọ rẹ̀. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́, torí àwọn obìnrin ti dí ẹnu ọ̀nà. Mo mú ìyàwó kékeré padà sí Àrẹ̀mọ. Ó tú irun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní tí ọkọ rẹ̀ kú sí, ó bẹ̀rẹ̀ opó tí ẹnikẹ́ni ò pè ní opó.

Ọ̀rọ̀ ò dúró síbi kan. Nígbà tó máa fi dé Bẹ́yẹrúnkà, òkú ti dìde jókòó. Nígbà tó máa fi padà sí Ọjà'ba, òkú ti sọ̀rọ̀, ó sì fi òwe sí i. Télọ̀ tí kì í sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nígbà tó wà láàyè! Mo sọ fún wọn pé ikú mà dára fún ohùn ọkùnrin náà o. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yí ojú kúrò nídìí iyọ̀ mi, torí ilé kan náà ni èmi àti apọkọ jọ ń gbé.

Mo wá dírẹ́bà lọ sí ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ń kó kòkó sí. Aláṣejù ni dírẹ́bà yẹn, ó wé áńkáṣíìfù mọ́rùn nínú oòrùn, bí ẹ bá bi í léèrè omi, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni yóò fi dá yín lóhùn. Irú rẹ̀ gan-an ni mo ń wá.

Mo ní, "Dírẹ́bà, kí ló gbé ìdí ọkọ̀ yín sókè lọ́jọ́ yẹn?"

"Ìyá, atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn wo? Èyí tó wà lórí rẹ, àbí òmíràn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ àpò kòkó sílẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ olówó nìyẹn, pẹ̀lú gèlè. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ní irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò léra, àpò rọ́bà méjì ni mo rí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòsì. Ó ní atẹ́gùn ló wà nínú wọn, orí atẹ́gùn yẹn ni ìdí ọkọ̀ jókòó lé. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí páǹpù kékeré kan, páǹpù ń fún atẹ́gùn sínú agolo irin, ibẹ̀ ló ń kó o pamọ́ sí.

"Ta ló wá ń sọ fún atẹ́gùn pé ẹrù ti wọlé?"

Ó fi ọwọ́ kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ju ìka lọ. Orí rẹ̀ kan ara ọkọ̀, ìdí rẹ̀ kan irin tó so táyà méjèèjì pọ̀. Ó ní bí ẹrù bá tẹ ara ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá yìí á yẹ̀, á ṣí ẹnu ihò kan, atẹ́gùn á ti inú agolo wọ inú àpò, àpò á wú, ìdí ọkọ̀ á gbéra. Bó bá ti tó ibi tó yẹ kó wà, ọ̀pá á padà sáàyè rẹ̀, ẹnu ihò á dé. Bí ẹrù bá sọ̀ kalẹ̀, ìdí ọkọ̀ á ga jù, ọ̀pá á yẹ̀ sí òdì kejì, atẹ́gùn á jáde, ìdí á wálẹ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn kan wà lẹ́yìn o, bí mẹ́fà wà níbẹ̀ o, ọkọ̀ á tẹ́ gbọọrọ, iná iwájú rẹ̀ ò sì ní máa wo ojú ọ̀run.

Mo ní, "Ṣé ojú ẹsẹ̀ náà ló ń ṣe é?"

"Rárá, Ìyá. Ó máa ń dúró díẹ̀ ná. Bí kò bá dúró, gbogbo kòtò Ìbàdàn ni yóò máa bá jà."

"Bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Agolo á dé ẹnu, ọkọ̀ á kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bá ṣíná sí i ni yóò tó mọ̀ pé òun rẹrù."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí àpò kòkó. Ẹ wo bó ti rí. Ìyàwó kékeré dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ní ìwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá kan fi ń ronú. Bó bá yára díẹ̀, tàbí kó pẹ́ díẹ̀, kò ní sí ẹjọ́ kankan.

Olówó gbà kí á mú ọkọ̀ náà lọ sí agbo ilé láti fi hàn wọ́n. Kì í ṣe nítorí obìnrin náà. Láti ọjọ́ òkú, kò sẹ́ni tó gbà láti wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń fẹsẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo kó àpò iyọ̀ mi, baálé jókòó, àwọn ará ilé yí i ká, àbúrò baba tó bẹ́ jáde náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà tuntun.

Dírẹ́bà tó fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì yangàn, kò pa á. A ń gbé iyọ̀ sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpò kan wọlé, ọkọ̀ rẹlẹ̀ bí ìbú ìka, ó tún gòkè bí ìbú ìka. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Nígbà tí iyọ̀ tán nílẹ̀, ọkọ̀ tẹ́ gbọọrọ bó ṣe wà.

Baálé ní, "Kí la wá wò?"

Dírẹ́bà ní, "Baba, ẹ ò rí i pé kò lọ sílẹ̀?"

"Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lo pè wá kí á wá wò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gbá dírẹ́bà lẹ́yìn, mo ní, "Pa á! Sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀!" A kó iyọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ mí fììì, ó wálẹ̀. Àwọn ọmọdé sá. Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, a tún kó iyọ̀ wọlé, ìdí ọkọ̀ sì jókòó bíi ti ọjọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Mo ní kí gbogbo ènìyàn tẹ̀ sẹ́yìn. Mo ká ọwọ́ tèmi mọ́ ẹ̀yìn. Ó ṣíná sí i. A dúró. Ẹnì kan ti fẹ́ máa pòṣé. Ìdí ọkọ̀ sì gbéra pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀, kò sí ọwọ́ kankan lára rẹ̀.

Baálé wò ó títí. Ó ní, "Ọkọ̀ ni."

Àbúrò baba ní, "Iyọ̀ kì í ṣe òkú o! Ṣé iyọ̀ lẹ́jọ́ nínú ni?" Mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ atẹ́gùn lásán ni, a jẹ́ pé atẹ́gùn ló sá fún lójú gbogbo Àrẹ̀mọ. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wọ ọkọ̀, Baba, kí á tún un wò." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé mo ti jàre.

Baálé wọlé lọ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilé níbi tí ìyàwó àgbà ti ń fọ aṣọ. Ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ọṣẹ. Obìnrin náà ò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ má fi iyọ̀ yín ṣòfò. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n fi gbé wa lọ síbi ìyàwó. Bí a ti jókòó tán ló gbé wa sókè. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ. "Gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi sùn ní Àrẹ̀mọ, ta ló bi mí léèrè nǹkan kan? Ẹnì kan ò bi mí. Ọjọ́ òkú yìí ni wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí mi, tí wọ́n ní, 'Pẹ̀lẹ́ o.' Ṣé kí n wá sọ pé ọkọ̀ ni?"

Mo padà sí ojúde lọ dúró de baálé.

Nígbà tí baálé jáde, kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Ìyá oníyọ̀, o ṣeun. Ọkọ̀ ló ṣe é, gbogbo wa ti rí i. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà lójúde yìí ló rí i. Ìlú ò rí i, ìlú ti sọ tirẹ̀. A ní àwọn ọmọbìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ. Bí a bá gbà á wọlé, wọ́n á ní agbo ilé tó ń kó apọkọ mọ́ra ni wá. Ta ni yóò fẹ́ wọn?"

Mo ní, "Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́, Baba?"

"Ọmọ wa ni. Ó wà nílé."

Mo padà lọ sọ fún un. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún. Ó ní, "Wọ́n gbà pé ọkọ̀ ni?" Mo ní wọ́n gbà. Ó ní, "Gbogbo wọn?" Mo ní gbogbo wọn. Mi ò sọ ti ìyàwó àgbà fún un.

Ó ṣe opó rẹ̀ parí nínú yàrá yẹn. Lọ́jọ́ tó pé, àwọn ẹbí ọkọ ló yẹ kó wá wẹ orí fún un, kí wọ́n fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Èmi ni mo bu omi sí i lórí, èmi ni mo fún un ní ìró kan. Ó di ẹrù rẹ̀, kò pọ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun, ṣùgbọ́n kí òun fi ojú kan ọmọ òun ná.

Wọ́n jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rán ọmọ náà jáde sí i. Wọ́n ti di irun rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti lé tìróò fún un, eyín tó ká ti ń hù. Ìyá rẹ̀ lóṣòó síwájú rẹ̀, ó na kọ́là aṣọ rẹ̀ tí kò ká, ó bi í bóyá ó ń jẹun. Ó ní òun ń jẹun. Ó bi í bóyá ó ń sùn dáadáa. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wá bojú wo inú ilé, níbi tí ìyàwó àgbà dúró sí.

Ó ní, "Ìyá mi ní kí n má pẹ́ níta."

Ìyàwó kékeré ní, "Òótọ́ ló sọ. Tètè wọlé."